Èsì: Bọ́ọ̀lù Vikings nínú òtútù Minneapolis

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ṣé òtútù oṣù Kejìlá ò ní ba ìran bọ́ọ̀lù Vikings, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù American football ti Minneapolis ní Amẹ́ríkà, jẹ́ mọ́ yín lójú. Rárá o! U.S. Bank Stadium, pápá tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù náà, ní òrùlé, inú rẹ̀ móoru. Mo bọ́ kóòtù níbẹ̀ ni. Ìta ni wàhálà wà. Lọ́jọ́ tí mo lọ, omi ojú mi dì mọ́ ìpéǹpéjú kí n tó dé ìdí ọkọ̀. Ẹ wá ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn, jíìnsì lásán ò lè gbà yín. Láti pápákọ̀ òfurufú, ọkọ̀ ojú irin Blue Line máa já yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá gan-an. Láàárín ìlú, ẹ gba Skyway, afárá onígíláàsì tó so ilé mọ́ ilé lókè títì. Báàgì ńlá ńkọ́? Ẹ fi sílé, àfi oníke tó ń fi inú hàn.