Ìbéèrè Yín Lórí Sinimá: Ìfẹ́ Ráyè Jókòó, Ogun Sáré Kọjá

Fíìmù kan ṣoṣo ni a ó fi ojú ewé yìí dá lóhùn lóṣù yìí: Half of a Yellow Sun, tí Biyi Bandele darí, tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn ní Toronto ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2013. Inú ìwé Chimamanda Ngozi Adichie tó jáde ní 2006 ni wọ́n ti fa ìtàn rẹ̀ yọ: ìbejì obìnrin méjì, Olanna àti Kainene, àwọn ọkùnrin wọn, ọmọ ọ̀dọ̀ kan, àti ogun Bìáfrà.

Mo ti ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo wo fíìmù, ó dà bíi pé ẹnì kan ń lé wọn bọ̀ lẹ́yìn. Kí ló fà á? (Òǹkàwé, Ìbàdàn)

Àkókò ló kọ́kọ́ fà á. Ìwé náà lé ní 400 ojú ewé, fíìmù kò ju ìṣẹ́jú 111 lọ. Láti ọjọ́ òmìnira ní 1960 títí ogun fi parí ní 1970, ẹ pín in wò: ọdún kan kò rí ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 11 gbà.

Ṣùgbọ́n ìdí kejì ló wúwo jù. Apá mẹ́rin ni Adichie pín ìwé rẹ̀ sí: ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, lẹ́yìn náà òpin wọn, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó sì tún wá sí òpin. Nítorí náà, a ti ń bá ọmọ kékeré tí wọ́n ń pè ní Baby sá fún ogun kí a tó mọ inú ẹni tó ti jáde. A rí i pé ìbejì méjì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́, a kò sì mọ ohun tó dá ìjà sílẹ̀. Ohun tí a kò mọ̀ yẹn ló ń fà wá lọ bí bọ́ǹbù ṣe ń já lulẹ̀. Fíìmù to ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ṣẹlẹ̀: ìyá Odenigbo, ọkùnrin Olanna, mú ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Amala wá láti abúlé, Amala lóyún fún Odenigbo, inú bí Olanna ó lọ bá Richard, ọkùnrin Kainene, sùn, àṣírí sì tú. Kí ogun tó le, gbogbo àṣírí ilé ti tán. Kò wá ku ohun tí òǹwòran ń retí mọ́ ju pé ta ni yóò yè.

Ugwu, ọmọ ọ̀dọ̀, ló fara gbá a jù. Ọ̀kan nínú ojú mẹ́ta tí ìwé fi ń ríran ni. Nínú fíìmù, ó di ẹni tó ń gbé abọ́ wọlé. Ohun búburú tí òun fúnra rẹ̀ ṣe nígbà tí wọ́n fi tipá mú un wọṣẹ́ ológun kò sí níbẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ló jẹ́ ká mọ ohun tí ogun ń sọ ọmọlúàbí dà.

Ṣé kò wá sí ohun tó dára nínú rẹ̀ ni? Èmi gbádùn rẹ̀ o. (Òǹkàwé, Peckham)

Ó wà, ó sì pọ̀. Ẹ padà wo ìran ilé ìdáná tí Onyeka Onwenu, tó ṣe ìyá Odenigbo, kọjú sí Olanna. Ó gba ìkòkò, ó gba àyè, ó ní àjẹ́ ni ọmọ ọlọ́mọ tó kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó bá ti gbé ilé ọkọ rí kò nílò àlàyé. Anika Noni Rose, tó ṣe Kainene, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ojú ló fi ń gé ènìyàn.

Eré orí ìtàgé àti ìwé ìtàn ni Bandele ti ń kọ tẹ́lẹ̀. Èyí ni fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tó darí. Ó mọ bí a ṣe ń jẹ́ kí ènìyàn mẹ́ta jà nínú yàrá kan. Ìdí nìyẹn tí ogun fi múná jù níbi tó ti wọlé bá ènìyàn lójijì: ọ̀rọ̀ lásán ni Richard àti òṣìṣẹ́ kan ń sọ ní pápákọ̀ òfurufú Kano kí àwọn ológun tó dé; ìgbéyàwó ni wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ kí bọ́ǹbù tó já.

Olùkọ́ ni mí. Ṣé mo lè fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ogun náà? (Òǹkàwé, Abẹ́òkúta)

Ẹ fi ṣílẹ̀kùn, ẹ má fi ṣe ilé. Àwòrán ìròyìn àtijọ́ tí wọ́n fi há a láàrin wúlò, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ìdí tí nǹkan fi ṣẹlẹ̀. Kí ẹ tó tàn án, ẹ kọ ìwọ̀nyí sójú pátákó: ìfipágbàjọba oṣù kìíní 1966, èkejì ní oṣù keje ọdún kan náà, àti pípa tí wọ́n ń pa àwọn Ìgbò ní Àríwá, ìpàdé àlàáfíà tí wọ́n ṣe ní Aburi, ní Ghana, ní oṣù kìíní 1967, ìkéde Bìáfrà ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún, ìbọn àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 6 oṣù keje, ìjuwọ́sílẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní 1970. Ẹ fi ebi kún un fúnra yín. Dídí tí wọ́n dí ọ̀nà oúnjẹ pa àwọn ọmọdé lọ rẹpẹtẹ, síbẹ̀ aṣọ àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn òṣèré kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Àléébù tó dùn wá jù nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ dá a wò, torí ìran ibùsùn wà níbẹ̀, ìpànìyàn Kano náà sì le.

Kí ló dé tí ọmọ Yorùbá fi ṣe Ìgbò, tí ọmọ Ìgbò sì ṣe Yorùbá? (Òǹkàwé, Ìkẹjà)

John Boyega tó ṣe Ugwu àti Genevieve Nnaji tó ṣe Miss Adebayo lẹ ní lọ́kàn. Ìyẹn kò burú. Iṣẹ́ òṣèré ni. Etí ni àléébù wà: Thandie Newton, tó ṣe Olanna, wá láti Ìlú Ọba, Rose wá láti Amẹ́ríkà, ohùn Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì pàdé bíi ti ìbejì tí wọ́n tọ́ nínú ilé kan.

Mò ń kọ eré ìfẹ́ kan lórí ogun Kírìjì. Kí ni kí n yẹra fún? (Òǹkàwé, Òṣogbo)

Ogun Kírìjì gba ọdún 16, láti 1877 dé 1893. Ẹ má gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ẹ mú ẹ̀ẹ̀rùn kan tàbí òjò kan, kí ẹ sì fi ojú ẹnì kan ṣoṣo wò ó. Ojú ewé kan máa ń tó bí ìṣẹ́jú kan; bí ẹ bá ní 100, ẹ jẹ́ kí ogun wọlé kí ó tó di 25. Ẹ mú àṣírí kan pamọ́ títí di nǹkan bí 60. Ìran ogun èyíkéyìí tí ẹ bá yọ, tí ohun tí olólùfẹ́ méjèèjì pinnu kò sì yí padà, ẹ jẹ́ kí ó lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ojú ewé 10, 50 àti 90, kí ẹ wo ohun tí wọ́n ń jẹ. Bí iyán bá ṣì wà nínú abọ́ ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ tún un kọ.