Wọ́n Gbọ́, Ṣùgbọ́n Wọn Kò Wá

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá wa olótùú, ẹ kú iṣẹ́. Ẹgbẹ́ olórin jùjú ẹlẹ́ni mọ́kànlá ni wá ní ìlú Ìbàdàn. Òde ìgbéyàwó, ìsìnkú àti ìṣílé ni a ń lọ jù, a sì dúpẹ́ pé iṣẹ́ kò wọ́n wa. Láìpẹ́ yìí ni a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe eré tiwa fúnra wa ní òtẹ́ẹ̀lì kan, kí àwọn olólùfẹ́ wa lè máa sanwó wọlé wò wá lóṣooṣù. A ṣe èkíní ní Sátidé. A sún èkejì sí ọjọ́ Àìkú nítorí pé òde kan já lu Sátidé náà. Èrò tó wá lẹ́ẹ̀kejì kò tó ọgbọ̀n, bẹ́ẹ̀ a lẹ pósítà, a pín ìwé ìléwọ́, a sì gbé e sórí Facebook. Mo fi ọ̀kan nínú ìwé ìléwọ́ náà ránṣẹ́. Kí ni a kò ṣe tó? — Ọ̀gá olórin, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ìrójú. A tẹ́ ìwé ìléwọ́ yín sórí tábìlì, a wò ó dáadáa. Àwòrán yín pẹ̀lú gìtá ló gba ìdajì rẹ̀. Orúkọ ìnagijẹ yín ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni orúkọ àwọn bàbá ìsàlẹ̀ mẹ́fà pẹ̀lú oyè wọn, àti ìlérí pé ọtí tútù yóò wà. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ní lẹ́tà tí ẹni tó wọ awò pàápàá yóò fẹjú kí ó tó kà á, ni déètì wà, láìsí orúkọ ọjọ́, “ìrọ̀lẹ́” nìkan ni ẹ sì kọ fún àkókò. Iye owó ìwọlé kò sí níbẹ̀ rárá. Ẹni tí ọkọ̀ bá gbé kọjá níwájú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Mọ́kọ́lá yóò mọ̀ pé aṣọ yín dára, ṣùgbọ́n kò ní mọ ìgbà tí òun lè wá.

Ìwé nìkan kọ́ o. Ní òde tí wọ́n bá pè yín sí, olóde ló ń pe èrò: òun ló pín ìwé ìpè, òun ló mú aṣọ ẹbí, òun ló se oúnjẹ, ẹ̀yin kàn wá bá èrò níjòókòó ni. Ní eré tiyín, ẹ̀yin gan-an ni olóde, ohun tí a sì rí pé ó ń mú èrò wá jù fún irú olóde bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ tí kì í yẹ̀. Nígbà ayé Fẹlá, ará Èkó kò nílò pósítà kí ó tó mọ̀ pé ọjọ́ Ẹtì ni Yabis, alẹ́ orin àti ọ̀rọ̀ èfẹ̀ rẹ̀, ní Shrine, ilé ijó rẹ̀. Fẹ́mi ọmọ rẹ̀ tọ ọ̀nà kan náà ní New Afrika Shrine tí wọ́n ṣí ní Ìkẹjà ní ọdún 2000: fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi ń ṣe ìdánrawò ní gbangba lọ́fẹ̀ẹ́ ní Ọjọ́bọ̀, tí eré gan-an sì ń wáyé ní ọjọ́ Àìkú. Ebenezer Obey ní ilé ijó tirẹ̀, Miliki Spot, Sunny Adé náà ní tirẹ̀, Ariya, kí àwọn olólùfẹ́ wọn lè mọ ibi tí wọn yóò ti bá wọn láìjẹ́ pé ẹnì kan ń ṣe ìyàwó. A kò ní kí ẹ lọ kọ́ ilé ijó. Ẹ mú ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù, nítorí Sátidé ti di ti olóde, ti ẹ̀yin náà pẹ̀lú. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fi òde lọ̀ yín lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ kí ó bá yín lọ́wọ́ dídí. Èyí yóò dun àpò yín fún bí oṣù mẹ́fà, a kò ní tàn yín.

Ní ti rédíò, ẹ má tíì ra ìpolówó. Ẹ wá sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan tí àwọn olùgbọ́ rẹ̀ fẹ́ràn orin àtijọ́, ní Amuludun FM 99.1 tàbí ibòmíràn tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, kí ẹ mú onígìtá kan àti onígángan kan lọ bá a lórí ètò. Kí gángan fi ìlù sọ ọjọ́ àti ibi tí eré wà, kí ẹ sì máa lu ìlù kan náà yìí níparí gbogbo òde tí ẹ bá lọ, títí àwọn ọmọdé yóò fi máa fi ẹnu lù ú.

Fídíò tí ẹ ń gbé sórí Facebook, ibi tí wọ́n ti ń lẹ owó mọ́ yín níwájú orí ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò. Òfin Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007, ní abala 21, ka fífọ́n náírà níbi ijó sí ẹ̀ṣẹ̀, ìyà rẹ̀ kò sì dín ní ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí ìtanràn 50,000 náírà, tàbí méjèèjì pọ̀. Ẹ ò rí i pé ẹ̀rí ni ẹ ń kó jọ sílẹ̀ de àwọn oníbàárà yín?

ÌBÉÈRÈ: Òtẹ́ẹ̀lì tí a fẹ́ lò ní kí a má gba owó lẹ́nu ọ̀nà, pé àwọn yóò fún wa nínú owó ọtí. Ṣé kí a gbà? — Akọ̀wé ẹgbẹ́ olórin, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ẹ gbà á fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, nítorí ẹni tí kò tíì mọ̀ yín yóò tètè yà wọlé bí kò bá sanwó. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan nínú yín jókòó ti ẹni tó ń ta ọtí, kí ó máa kọ iye kíréètì tí wọ́n bá ṣí, kí ẹ sì jọ ka òfìfo ìgò kí ẹnikẹ́ni tó lọ sùn. Kí ẹ sì ti kọ ẹni tí yóò ra epo jẹnẹrétọ̀ sínú ìwé ṣáájú.