Mi ò ní snowmobile: ṣé mo lè bá ẹgbẹ́ wọn ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní Minnesota?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ìlú kékeré kan nítòsí Bemidji, ní àríwá Minnesota. Ọdún kejì mi rèé níbí. Aládùúgbò mi wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun snowmobile, ẹ̀rọ bí alùpùpù tí wọ́n ń gùn lórí òjò dídì, ó sì ní kí n wá máa bá wọn ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ lópin ọ̀sẹ̀. Mi ò ní ẹ̀rọ náà, mi ò gùn ún rí, òtútù sì ń bà mí lẹ́rù. Iṣẹ́ wo gan-an ni wọ́n ń ṣe? Kí ni ẹni tí kò mọ nǹkan kan lè bá wọn ṣe, kí sì ni kí n ṣọ́ra fún?

Ìdáhùn: Ẹ lè bá wọn ṣe é dáadáa. Àmọ́ ẹ má dúró di ìgbà tí ilẹ̀ bá funfun kí ẹ tó yọjú. Kí òjò dídì, sínóò lẹ́nu gbogbo wa, tó balẹ̀ ni iṣẹ́ pọ̀ jù, láti oṣù kẹsàn-án títí dé ìparí oṣù kọkànlá. Ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá ni àkókò ọ̀nà snowmobile máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Minnesota, ó sì máa ń parí ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin. Ohun tí a kò bá ṣe kí ilẹ̀ tó dì, ó ṣòro kí a tó lè ṣe é mọ́. Iṣẹ́ ìgbà yẹn kò sì béèrè ẹ̀rọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ló ń béèrè.

Ọ̀nà snowmobile tó wà ní Minnesota lé ní 22,000 máìlì, ẹgbẹ́ bíi ti aládùúgbò yín ló sì ń tọ́jú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Owó ìforúkọsílẹ̀ ẹ̀rọ, owó sítíkà ọ̀nà àti díẹ̀ lára owó orí epo bẹntiróòlù máa ń gba ọ̀dọ̀ DNR, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó igbó àti omi, lọ sọ́dọ̀ ìjọba county, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, tàbí ti ìlú. Àwọn ló ń ṣe onígbọ̀wọ́ fún ẹgbẹ́. Owó yẹn ń ra epo dísẹ́ẹ̀lì àti ẹ̀yà ara ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kì í tó san owó gbogbo ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́. Ọ̀wẹ̀ ni, bí a ṣe mọ̀ ọ́n nílé: a pe ara wa, a ṣiṣẹ́, wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀, kálukú lọ sílé.

Ohun kan wà tó yàtọ̀ sí ọ̀wẹ̀ ilé, òun sì ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ju gbogbo ìyókù lọ. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí ọ̀nà yìí gbà kọjá kì í ṣe ti ẹgbẹ́, kì í sì í ṣe ti ìjọba. Oko àti igbó àwọn aládùúgbò ni, tí wọ́n fi inú rere yọ̀ǹda. Òfin Minnesota dáàbò bo onílẹ̀ tó gba àwọn èèyàn láyè lọ́fẹ̀ẹ́ láti ṣeré ìdárayá lórí ilẹ̀ rẹ̀, débi pé kò rọrùn láti pè é lẹ́jọ́ bí ẹnì kan bá ṣèṣe. Síbẹ̀, òfin kò fi dandan mú un. Bí onílẹ̀ kan ṣoṣo bá bínú tó sì ti ilẹ̀ rẹ̀, ọ̀nà tó so ìlú méjì pọ̀ lè já sí méjì. Nítorí náà, bí ẹ bá ṣí géètì, ẹ tì í padà. Ẹ má gé igi tí ẹni tó ń darí iṣẹ́ kò fi hàn yín. Ẹ má wa ọkọ̀ wọ inú oko tó rọ̀, torí ipa táyà tó bá dì síbẹ̀ máa di wàhálà fún àgbẹ̀ ní ìgbà ìrúwé. Ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ lọ kí àwọn onílẹ̀ kí sínóò tó dé, kí wọ́n tún lọ dúpẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n fi ẹ̀kọ́ ìkíni tọ́ dàgbà wúlò níbẹ̀ ju ẹni tó ní ẹ̀rọ mẹ́ta lọ. Bí wọ́n bá ń wá ẹni tí yóò tẹ̀ lé wọn lọ, ẹ nawọ́.

Iṣẹ́ tí wọ́n máa kọ́kọ́ fún yín ni ìtún-ọ̀nà-ṣe nínú igbó. Ẹni tó di ẹ̀rọ ìgégi mú máa wà níwájú, ẹ̀yin á máa kó ẹ̀ka kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá ń wó igi, ẹ jìnnà sí i tó ìlọ́po méjì gíga igi náà, ẹ má sì sún mọ́ ọn títí yóò fi pa ẹ̀rọ rẹ̀ tí yóò sì wo ojú yín. Ẹ má gba ẹ̀rọ yẹn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìgba ẹ̀kọ́ rẹ̀ àti láìwọ ṣòkòtò ààbò, akoto àti ìdíwọ́ etí. Kùkùté ni kí ẹ máa wò dáadáa. Igi kékeré tí wọ́n bá gé ní ìdagẹ̀rẹ̀ máa ń fi ẹnu ṣóńṣó sílẹ̀ bí ọ̀kọ̀. Sínóò á bò ó, ẹni tó bá jábọ́ lé e á fara gbọgbẹ́, irin tí katakata tó ń tẹ́ ojú ọ̀nà ń wọ́ sì lè kọ́ ọ kó sì kán. Kí wọ́n gé e mọ́lẹ̀ pátápátá, kí ojú rẹ̀ sì tẹ́. Ẹ gbójú sókè náà. Ẹ̀ka tó ga kọjá orí yín ní oṣù kẹwàá lè gbá ẹlẹ́rọ lójú ní oṣù kìíní, nítorí sínóò á ti gbé ojú ọ̀nà sókè ní ẹsẹ̀ bàtà méjì tàbí mẹ́ta, èyí tó bá sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka á ti tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀.

Ohun méjì ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í rántí nípa igbó ìgbà yẹn. Èkíní ni eégbọn, tó ń jẹni títí ilẹ̀ fi máa dì, tó sì ń kó àrùn Lyme ranni. Ẹ ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀, kí ẹ sì yẹ ara yín wò fínnífínní lálẹ́: abíyá, ẹ̀yìn orúnkún, inú irun. Lára àwọ̀ dúdú, òbìrìkìtì pupa tí wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í hàn kedere. Bí ojú ibì kan bá ṣókùnkùn ju ìyókù ara lọ tó sì ń fẹ̀ sí i, ẹ lọ rí dókítà. Èkejì ni àwọn ọdẹ àgbọ̀nrín, tí wọ́n máa ń fi ìbọn jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá. Ẹ má wọ igbó nígbà yẹn láìwọ ẹ̀wù àti fìlà aláwọ̀ ọsàn tó ń tàn yòò.

Lẹ́yìn iṣẹ́ igi gígé, àmì ojú ọ̀nà ló kàn, ẹ sì lè mọ èyí ṣe lọ́jọ́ kan. Àmì kékeré olórígun mẹ́rin aláwọ̀ ọsàn ń sọ fún ẹlẹ́rọ pé ọ̀nà tó wà ló tọ̀nà. Aláwọ̀ ìyeyè ń kìlọ̀, pupa ní kó dúró. Apá ọ̀tún ọ̀nà ni a ń rì wọ́n sí, kí ilẹ̀ tó dì, kí orí wọn sì ga ju ibi tí sínóò lè ga dé. Jíjìnnà àmì sí ewu ni àwọn èèyàn máa ń ṣì jù. Máìlì 50 ní wákàtí kan ni ìpínlẹ̀ gbà kí snowmobile sá dé. Ẹni tó bá ń sá bẹ́ẹ̀ ń gba nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 73 kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ẹ bá ri àmì kọ́nà sí ẹsẹ̀ bàtà 70 sí kọ́nà, ìṣẹ́jú-àáyá kan péré lẹ fún un láti rí i, kó lóye rẹ̀, kó sì tẹ bíréèkì. Lálẹ́, iná ẹ̀rọ kì í sábà fi ohun tó jìnnà ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 200 lọ hàn. Ẹ tẹ̀ lé ìwọ̀n tó wà nínú ìwé ìlànà, ẹ má fi ojú díwọ̀n. Ẹ má sì rì wọ́n lọ bẹẹrẹ: bí àmì bá pọ̀ jù, ẹnikẹ́ni kì í kà wọ́n mọ́. Nígbà tí sínóò bá yọ́, ẹ padà lọ fa gbogbo èyí tó wà nínú oko yọ kí àgbẹ̀ tó gbé ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ jáde.

Bí sínóò bá wá balẹ̀, àbàtà ló ń béèrè ọgbọ́n. Sínóò tó fúyẹ́ máa ń bo ilẹ̀ bí kúbùsù. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí òtútù wọlẹ̀, àbàtà abẹ́ rẹ̀ á sì máa rọ̀ nígbà tí adágún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti dì. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe fi máa ń gbé ẹ̀rọ fífúyẹ́ gun orí rẹ̀ léraléra lákọ̀ọ́kọ́, kí sínóò fún pọ̀, kí afẹ́fẹ́ jáde, kí òtútù rí ọ̀nà wọlẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá kánjú gbé katakata síbẹ̀ lè fi odindi ọjọ́ fà á jáde nínú ẹrẹ̀.

Katakata yẹn, tí wọ́n ń pè ní groomer, ló ń wọ́ irin gígùn kan tó ní abẹ púpọ̀ lábẹ́, tí wọ́n ń pè ní drag. Bí àwọn ẹlẹ́rọ ṣe ń yára tí wọ́n sì ń tẹ bíréèkì, sínóò máa ń di òkìtì àti kòtò, ọ̀nà á di gbágungbàgun. Abẹ gbọ́dọ̀ gé òkìtì dé ìsàlẹ̀ kòtò, kó yí sínóò po, kí pẹpẹ irin tó wà lẹ́yìn sì tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Bí awakọ̀ bá gé orí òkìtì nìkan tó sì fi sínóò yẹ̀pẹ́rẹ́ dí kòtò, ojú ọ̀nà á dán fún wákàtí díẹ̀, àwọn kòtò náà á sì tún jáde níbi tí wọ́n wà gan-an. Máìlì 5 sí 7 ní wákàtí kan ni eré tó dára. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, drag á máa fò, sínóò á sì máa tú ká. Nítorí náà, ọ̀nà 60 máìlì lè gba wákàtí mẹ́wàá, odindi òru kan. Òru ló sì dára jù: òtútù máa ń mú gan-an, èèyàn kì í pọ̀ lójú ọ̀nà, sínóò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ sì nílò ó kéré tán wákàtí méjì, mẹ́fà bó bá ṣeé ṣe, kó tó le. Nígbà tí sínóò bá ń yọ́, kí wọ́n fi groomer sílẹ̀ síbùdó. Wọn ò ní fún yín wà lọ́dún àkọ́kọ́, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ lè jókòó ti awakọ̀, kí ẹ máa wo bó ṣe ń yẹ ọ́ìlì àti rọ́bà ọ́ìlì wò kó tó gbéra, bó ṣe ń gbé drag sókè bó bá fẹ́ sọdá títì, bó ṣe ń yẹra fún dídúró ní kọ́nà. Ẹ má ti ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bọ abẹ́ drag tó wà lókè láìjẹ́ pé wọ́n ti fi ohun tó lágbára tì í.

Adágún ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn àgbà ẹgbẹ́ tó ń lu ihò wọn yìnyín wò. Ìlànà DNR ni pé yìnyín tuntun tó mọ́ gaara gbọ́dọ̀ nípọn tó ínṣì 4 kí èèyàn tó fi ẹsẹ̀ rìn lórí rẹ̀, ínṣì 5 sí 7 fún snowmobile. Èyí tó funfun bíi wàrà kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì.

Ní ti òtútù, òógùn ló máa ń ṣe èèyàn léṣe ju sínóò lọ. Aṣọ òwú tó bá mu òógùn kì í gbẹ, ó sì ń fa ooru ara lọ. Ẹ wọ aṣọ irun àgùntàn tàbí aṣọ eré ìdárayá tó ń tètè gbẹ mọ́ra, èyí tó nípọn tẹ̀ lé e, kí èyí tí afẹ́fẹ́ kò lè gbà wọlé wà lókè. Bí iṣẹ́ bá ń mú ara gbóná, ẹ bọ́ ọ̀kan kí òógùn tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú ìbọ̀wọ́ méjì àti ìbọ̀sẹ̀ kejì dání. Bí ojú ọjọ́ bá wà ní òdo Fahrenheit, tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ ní máìlì 15 ní wákàtí kan, ara tó bá wà níta lè dì láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìwé sábà máa ń ní kí a wo pupa lójú awọ. Lára tiwa, eérú ló máa ń dà bí, tàbí kó máa dán bí ìda, ibẹ̀ á kú tipiri, á sì le. Nọ́ọ̀sì ni yín, ẹ mọ ìyókù: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ bí 99 sí 102 Fahrenheit, a kì í fi ọwọ́ ra á, a kì í yá a níná, a kì í sì í yọ́ ọ bó bá lè tún dì kí a tó délé. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yòókù ní apá ti àwọ̀ dúdú yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí i rí.

Bí ẹ bá fẹ́ gun ẹ̀rọ fúnra yín, ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1976 gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́ ààbò. Àgbàlagbà lè ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọtí kò gbọ́dọ̀ bá a rìn rárá. Bí wọ́n bá mú yín pẹ̀lú ọtí lórí snowmobile, ó lè kan ìwé àṣẹ ìwakọ̀ yín.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, ẹ lọ sí ìpàdé oṣù kan, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè: ṣé ìnṣọ́ránsì ẹgbẹ́ kan ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́, tàbí ẹni tó ti san owó ọmọ ẹgbẹ́ nìkan? Ta ló ń darí iṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ máa wá? Ta ló ń kọ wákàtí tí ẹ bá ṣe sílẹ̀? Àwọn ẹgbẹ́ kan ń san owó fún awakọ̀ groomer. Bó bá jẹ́ pé fisà tó so yín mọ́ agbanisíṣẹ́ kan ni ẹ fi ń gbé níbí, ẹ má gba kọ́bọ̀ kí ẹ tó bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀. Bí ọjọ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ bá sì bọ́ sí ọjọ́ tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ ní kí wọ́n fi yín sí ìdí oúnjẹ lọ́jọ́ mìíràn. Ìkòkò ọbẹ̀ gbígbóná kan létí igbó ní oṣù kọkànlá, iṣẹ́ gidi nìyẹn náà.