Ìbéèrè Yín: Ohùn TV ń jáde, ojú ẹ̀ ṣókùnkùn

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. TV flat-screen ínṣì 43 la ní nílé. Láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tá a bá ti tàn án, lógò ilé iṣẹ́ tó ṣe é á yọ fìrí, gbogbo ojú ẹ̀ á wá ṣókùnkùn biribiri, àmọ́ à ń gbọ́ ohùn ẹ̀ ketekete, kódà ríímóòtù ṣì ń yí ìkànnì padà. Ẹni tá a pè kó wá wò ó tàn án lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní ojú ẹ̀ ti kú, ká lọ ra tuntun. Ṣé bó ṣe rí nìyẹn lóòótọ́?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má tíì lọ ra nǹkan kan. TV tó ń sọ̀rọ̀, tó ń gbọ́ ti ríímóòtù, kò tíì kú. Ohùn yẹn fi hàn pé iná ń wọlé sí i, pé bọ́ọ̀dù tó ń darí gbogbo ẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní mainboard, ń ṣiṣẹ́. Ojú ẹ̀ ló kù, ibẹ̀ gan-an làwọn èèyàn sì ti máa ń ṣì í mú, torí ohun méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lè bà jẹ́ kí ìkejì wà digbí. Àkọ́kọ́ ni gíláàsì LCD tó ń gbé àwòrán. Ìkejì ni iná tó wà lẹ́yìn gíláàsì yẹn, tí wọ́n ń pè ní backlight. LCD ò ní ìmọ́lẹ̀ tiẹ̀, bí kọ́tìnnì aláràbarà ló rí, oòrùn ló ń là á kọjá tá a fi ń rí ọnà ara ẹ̀, tílẹ̀ bá ṣú, ọnà yẹn ò lọ síbì kankan, ojú ni ò rí i mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe rèé. Tó bá dalẹ́, ẹ pa gbogbo iná yàrá, ẹ tan TV, kẹ́ ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì fóònù yín, ẹ gbé e sún mọ́ gíláàsì náà dáadáa, ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, ẹ máa gbé e káàkiri díẹ̀díẹ̀. Ẹ tẹ menu lórí ríímóòtù kí nǹkan tó dúró lójú kan lè wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí òjìji lẹ́tà tàbí ojú èèyàn bó tilẹ̀ ṣe bàìbàì, LCD yín ò ní nǹkan kan, backlight ló lọ. Mi ò lè gba ọ̀rọ̀ ẹni tó bá ní ojú TV ti kú láìṣe ìdánwò yìí, nítorí kò ná an ní nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ owó tuntun ló ń sọ pé kẹ́ ẹ lọ ná. Ìdánwò yìí ò bá irú TV tí wọ́n ń pè ní OLED mu, ìyẹn ò ní backlight rárá, ojú ẹ̀ fúnra ẹ̀ ló ń mú ìmọ́lẹ̀ wá.

Kí ló dé tí lógò fi ń yọ fìrí kó tó lọ? Àwọn gílóòbù LED kéékèèké ló wà lẹ́yìn gíláàsì yẹn, wọ́n tò wọ́n sórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, iná sì ń gba inú ọ̀kan kọjá sí ìkejì. Tí ẹyọ kan ṣoṣo bá jó, ọ̀nà já nìyẹn, bọ́ọ̀dù tó ń fún wọn níná á ṣàkíyèsí pé nǹkan ò lọ bó ṣe yẹ, á sì pa gbogbo ẹ̀ kó má bàa ba nǹkan míì jẹ́. Ẹ rí i báyìí pé ohun tó fa gbogbo òkùnkùn yẹn lè máà ju ẹyọ LED kan lọ.

Àtúnṣe ẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ohun téèyàn ń ṣe nílé fúnra ẹ̀ o. Wọ́n ní láti gbé gíláàsì náà kúrò kí wọ́n tó dé ìdí iná yẹn, ó fẹ́lẹ́ gan-an, tó bá fi lè sán, TV ti tán nìyẹn lóòótọ́. Ẹ wá ẹni tó ti ṣe é rí, kẹ́ ẹ sì ní kó pààrọ̀ gbogbo ọ̀pá LED náà pa pọ̀, kó má kàn pààrọ̀ ẹyọ tó jó, torí ọjọ́ kan náà ni gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn yòókù náà ti ń gbó. Tó bá ti dáa tán, ẹ wọ settings, ẹ dín backlight kù sí bí ìdajì tàbí díẹ̀ lé. Ooru ló ń pa LED, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò ó ní 100 láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á.

Tí tọ́ọ̀ṣì ò bá fi nǹkan kan hàn yín, á jẹ́ pé bọ́ọ̀dù kékeré tó ń fún gíláàsì ní àwòrán, T-Con, tàbí waya pẹlẹbẹ tó so ó mọ́ ọn ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ìbéèrè: TV tèmi máa ń dún tik tik tik kó tó tàn ni. Tẹ́lẹ̀, kì í pẹ́, ní báyìí ó lè tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ṣé ríímóòtù ni?

Ìdáhùn: Kì í ṣe ríímóòtù. Tẹ́ ẹ bá ṣì ń fura sí i, ẹ kọ orí ẹ̀ sí kámẹ́rà selfie fóònù yín, ẹ tẹ bọ́tìnnì kan, tí ríímóòtù náà bá ṣì dáa, iná kan á máa ṣẹ́jú lójú fóònù yín. Ẹ tún yọ TV kúrò nínú ẹstẹ́ńṣọ̀n, ẹ fi í sí sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri tààrà, ká lè mọ̀ pé iná ń dé ibẹ̀ dáadáa.

Àmọ́ TV tó ń pẹ́ sí i lójoojúmọ́ kó tó tàn, tó ń dún tik tik, kapásítọ̀ orí bọ́ọ̀dù iná, ìyẹn ohun kékeré tó ń gba iná pa mọ́ sínú, ni mo kọ́kọ́ ń fura sí. Orí ẹ̀ yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Èyí tó bá wú sókè tàbí tó ń sun omi pupa rúsúrúsú ti bà jẹ́. Àmọ́ ti pé orí ẹ̀ ṣì tẹ́ ò ní ká sọ pé ó dáa o, wíwọ̀n ló máa fi í hàn. Nǹkan kékeré ni pípààrọ̀ ẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kí ìwọ̀n microfarad ẹ̀, ìyẹn bí iná tó lè gbà sínú ṣe pọ̀ tó, bá ti tẹ́lẹ̀ mu, kí volt ẹ̀ má kéré sí ti tẹ́lẹ̀, kó jẹ́ irú tó ń gba ooru 105°C, kí wọ́n sì má fi ẹsẹ̀ ẹ̀ kan sí ojú ìkejì, ẹsẹ̀ tó wà lápá ibi tí ìlà wà lára ẹ̀ ni negative.

Ẹ má fọwọ́ ara yín ṣí ẹ̀yìn ẹ̀ o, mo bẹ̀ yín. Kapásítọ̀ ńlá kan wà níbẹ̀ tó lè pa iná tó lé ní volt 300 mọ́ sínú lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti yọ waya lára ògiri, ó lè gbé èèyàn. Ẹ má sì máa fi sùúrù dúró dè é kó tàn láràárọ̀, torí iná tó ń wá ségesège bẹ́ẹ̀ lè ba mainboard jẹ́, owó ìyẹn sì ju ti kapásítọ̀ lọ fíìfíì.