Ẹ Bi Wá: Bí A Bá Pẹ́ Dé Ìdí Space Mountain Ńkọ́?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, a fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sí Magic Kingdom, ọgbà ìgbádùn Disney ní Orlando. A ti gba àyè Lightning Lane (ìlà kúkúrú tí èèyàn ń sanwó fún) láti gun Space Mountain, ẹ̀rọ ìgbádùn kan níbẹ̀, aago 10:40 sí 11:40. Bí a bá dé ní 10:25, ṣé wọ́n á jẹ́ ká wọlé? Bó bá wá jẹ́ 11:50 ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n mi tó ti lọ rí ní ẹni tó pẹ́ ṣì máa ń wọlé.
Ìyá Ìbejì, Houston

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìmúra o. Ẹ̀gbọ́n yín ò parọ́, ayé FastPass oníwèé, ìwé ìlà kúkúrú tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, ló ń sọ. Ọdún 2012 ni wọ́n ti fòpin sí àṣà kí ẹni tó pẹ́ ṣì máa wọlé.

Wákàtí kan tí wọ́n kọ fún yín ni òfin mọ̀. Ìgbà tẹ́ ẹ fi tíkẹ́ẹ̀tì kan ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà Lightning Lane ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ìgbà tẹ́ ẹ jókòó. Bí ẹ bá kàn án ní 11:38, ẹ ti wọlé nìyẹn, bí ìlà inú tiẹ̀ gùn. Iná aláwọ̀ ewé ní kẹ́ ẹ kọjá; bó bá tan búlúù, òṣìṣẹ́ á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn tó ń lọ léraléra mọ̀ pé ẹ̀rọ náà máa ń fojú fo ìṣẹ́jú díẹ̀, bíi márùn-ún ṣáájú àti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn. Disney ò ṣèlérí rẹ̀, wọ́n sì lè yí i padà nígbàkigbà. 10:25 ti yá jù. 11:50 lè bọ́ sí i, àmọ́ ẹ má fi ṣètò.

Ọ̀nà ló ń dá èèyàn dúró jù. Ẹni tó wa ọkọ̀ ara rẹ̀ lọ kì í gúnlẹ̀ sẹ́nu géètì Magic Kingdom. Transportation and Ticket Center ló máa gbé ọkọ̀ sí, kó tó wọ monorail (ọkọ̀ ojú irin) tàbí ọkọ̀ ojú omi tó ń sọdá adágún Seven Seas Lagoon. Ẹ ka yíyẹ báàgì wò mọ́ ọn, àti ìrìn dé Tomorrowland, apá ọgbà tí Space Mountain wà. Ẹ fún gbogbo rẹ̀ ní wákàtí kan gbáko. Ìbejì tó ń béèrè ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ò sí nínú ìṣirò yẹn.

Bẹ́ ẹ bá rí i pé ẹ ò ní bá a, ẹ má jẹ́ kí 11:40 kọjá. Ẹ ṣí áàpù My Disney Experience, kẹ́ ẹ yí aago rẹ̀ padà. Ẹ má fagi lé e o. Pààrọ̀ ni kẹ́ ẹ pààrọ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àyè ìrọ̀lẹ́ ló kù.

Ẹ wọn àwọn ìbejì náà kẹ́ ẹ tó kúrò nílé: ẹni tí kò bá ga tó ínṣì 44 ò lè gun Space Mountain.

ÌBÉÈRÈ: Bí ẹ̀rọ ìgbádùn tí a fẹ́ gùn bá bàjẹ́ nígbà tí aago wa tó ńkọ́?
Òǹkàwé, Peckham

ÌDÁHÙN: Àyè yín ò sọnù. Áàpù á fúnra rẹ̀ sọ ọ́ di èyí tẹ́ ẹ lè lò lọ́jọ́ náà níbẹ̀ bó bá ṣí padà, tàbí nídìí àwọn ẹ̀rọ mìíràn tí áàpù bá tò síbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Èkó ni mo ti fẹ́ gba àyè Lightning Lane. Aago mélòó?
Bàbá Tóbi, Surulere

ÌDÁHÙN: Aago méje àárọ̀ Orlando ni wọ́n ń ṣí i. Ìyẹn jẹ́ aago méjìlá ọ̀sán ní Èkó láti oṣù Kẹta sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, aago kan ọ̀sán ní ìyókù ọdún. Ẹni tó bá wọ̀ sí hòtẹ́ẹ̀lì Disney ń gbà á ní ọjọ́ 7 ṣáájú, àwọn yòókù ní ọjọ́ 3.