Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ òfurufú tòkunbọ̀ tó máa jókòó fún ọdún mẹ́rin: ẹ yé fọwọ́ yí i, jàre

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra ẹ́ńjìnì Lycoming O-320 tòkunbọ̀ kan tí wọ́n tú lára ọkọ̀ òfurufú, mo fẹ́ gbé e sínú ọkọ̀ oníjòkòó méjì tí mò ń fọwọ́ ara mi kọ́. Ìyẹ́ nìkan ni mo ṣì parí, á tó ọdún mẹ́rin kí n tó nílò ẹ́ńjìnì. Ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ní Láfẹ́nwá ló wà báyìí, ẹ máa rí i nínú fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́. Mẹkáníìkì kan ní kí n máa fọwọ́ yí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kó má baà há, ẹlòmíì ní kí n da dísù sí ojú ihò pulọ́ọ̀gì kí n sì máa sitáàtì ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má ṣe ìkankan níbẹ̀. Àwọn tó ń fi ẹ́ rẹ́rìn-ín pé ò ń kọ́ ọkọ̀ òfurufú, má dá wọn lóhùn, Air Beetle tí wọ́n kọ́ ní Kàdúná, orí RV-6A tó jẹ́ ọkọ̀ àfọwọ́kọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà ni wọ́n gbé e lé. Àmọ́ ta ló ní kó o tètè ra ẹ́ńjìnì? Ẹ́ńjìnì ló yẹ kó o rà kẹ́yìn, ìgbà tí ara ọkọ̀ bá ti ń dúró dè é. Ṣùgbọ́n o ti rà á, ó ti bọ́.

Ká wá sórí ọ̀rọ̀ fífọwọ́yí yìí, torí ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ọ, ó sì ti sú mi. Ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó sọ ọ́ fún ẹ ni pé ọ́ìlì á máa tàn ká inú ẹ́ńjìnì. Irọ́ ni. Ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ò ní gòkè nítorí pé o yí i lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, èyí tó ti lẹ̀ mọ́ irin tẹ́lẹ̀ lò ń nù dànù. Wo agbada tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi dín àkàrà, fi ìka fà á kọjá, ṣé o rí i bí ojú ibi tí ìka gbà ṣe mọ́? Bí ring ara pístìn ṣe ń nu inú sílíńdà nìyẹn, o wá fi irin lásán sílẹ̀ fún ọ̀rinrin Abẹ́òkúta láti jẹ.

Ti Lycoming tún wá burú sí i torí pé òkè crankshaft ni camshaft ẹ̀ wà (crankshaft ni irin tí àwọn pístìn ń yí; camshaft yẹn ni irin gígùn tó ní gọngọ gọngọ lára, òun ló ń ti fáàfù ṣí). Ọ́ìlì ń ro kúrò lára ẹ̀ lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nígbà tó o bá sì fọwọ́ yí i, ìwọ̀nba tó kù náà lo fi irin ha kúrò. Ti Continental O-200, ẹ́ńjìnì ilé-iṣẹ́ mìíràn, sàn díẹ̀, ìsàlẹ̀ ni tiẹ̀ wà. Lycoming fúnra wọn ti kọ ọ́ sínú Service Letter L180 pé ká má máa fọwọ́ yí ẹ́ńjìnì tó jókòó, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ kà á.

Mo ṣí ọ̀kan rí, O-320 bíi tìẹ. Gbogbo Sátidé ni olówó ẹ̀ ń yí i, ọdún mẹ́ta gbáko, ẹni bí ẹni tó ń fún ewúrẹ́ lóúnjẹ. Níta, ó ń dán. Mo yọ sílíńdà kan, mo tan tọ́ọ̀ṣì wòkè, gọngọ camshaft ti ní ihò wínníwínní bí ojú ẹni tó ní ṣáṣá, mo fi èékánná fà á, ó ń kọ́ mi. Irú ẹ̀ tẹ́ ẹ bá lò ó, á máa ha lifter (irin kékeré tí gọngọ yẹn ń tì) jẹ, irin á máa já sínú ọ́ìlì. Ọkùnrin náà kàn jókòó sórí táyà, kò sọ̀rọ̀.

Ti sítáàtì lẹ́ẹ̀kan lóṣù ńkọ́? Epo bẹtiróòlù tó bá jó, omi ló ń dà: lítà epo kan, omi bíi lítà kan. Ṣé o ti wo sàlẹ́ńsà mọ́tò láàárọ̀ rí bó ṣe ń kán omi? Díẹ̀ nínú omi yẹn ń gba ẹ̀gbẹ́ ring wọnú ọ́ìlì. Kó tó lè gbẹ, ọ́ìlì gbọ́dọ̀ gbóná dé nǹkan bíi 74 sí 93 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kó sì wà bẹ́ẹ̀ fúngbà díẹ̀, ìyẹn sì ń fẹ́ kí ọkọ̀ fò. Ẹ́ńjìnì tó o dè mọ́ igi tó o tàn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, sílíńdà ẹ̀ lè gbóná jù kí ọ́ìlì sì má tíì gbóná dáadáa, omi àti ásíìdì lo kàn ń pò mọ́ ọn lóṣooṣù. Dísù ní tiẹ̀, fífọ̀ ló ń fọ ọ́ìlì kúrò, mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó o máa ṣe nìyí. Wá ọ́ìlì ìpamọ́, ìyẹn èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún ẹ́ńjìnì tó ń sùn. Bí Lycoming ṣe ní ká pò ó ni ìdá kan ògidì ẹ̀ sí ìdá mẹ́ta ọ́ìlì mineral ọkọ̀ òfurufú, kì í ṣe ọ́ìlì mọ́tò o. Da ti tẹ́lẹ̀ nù, rọ eléyìí sí i. Yọ pulọ́ọ̀gì òkè, mú pístìn wá sísàlẹ̀ ní sílíńdà kọ̀ọ̀kan, fọ́n ọn sínú ẹ̀ kó kan gbogbo ara ògiri, tó o bá kárí, tún gbogbo ẹ̀ fọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i láìyí i mọ́. Láti ìgbà yẹn lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ yí i. So páálí pupa mọ́ ọn kó o kọ ọ́ gàdàgbà: MÁ YÍ I. Bí ọmọ ìyá ẹ bá ṣeré yí i, tún un fọ́n.

Lẹ́yìn náà, dehydrator plug ló máa wọ ihò pulọ́ọ̀gì òkè, ìyẹn pulọ́ọ̀gì tí sílíkà jẹ́ẹ̀lì wà nínú ẹ̀, irú nǹkan wóróró tí wọ́n ń fi sínú páálí bàtà. Tó bá ṣì ń jẹ́ búlúù, ó gbẹ. Tó bá ti di píńkì, ó ti mu omi yó, pààrọ̀ ẹ̀ tàbí kó o yan án padà nínú ààrò, àmọ́ jọ̀ọ́, má fi ìkòkò ọbẹ̀ ìyá ẹ yan án, nǹkan aláwọ̀ yẹn ò dáa lára. Fi àpò sílíkà sí ẹnu ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé àti ibi tí èéfín ń gbà jáde, dí wọn pa, dí breather, ìyẹn ihò tí ẹ́ńjìnì fi ń mí, náà pa. Máa wò ó lọ́sẹ̀ méjì méjì, pàápàá tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Ọyẹ́ náà ò ní kó o sùn lọ o, ọ̀sán gbóná, òru tutù, irin ń làágùn. Torí ẹ̀ ni láílọ́ọ̀nù lásán láìsí sílíkà nínú ẹ̀ fi burú, ṣe lo máa dá omi sé mọ́ ọn. Magneto, ìyẹn ohun tó ń fún pulọ́ọ̀gì níná, yọ ọ́, gbé e sínú yàrá. Kabúrétọ̀, gbẹ epo inú ẹ̀ tán.

Mi ò tíì fojú rí ẹ́ńjìnì yìí, nítorí náà ìwé Lycoming ni kó o tẹ̀ lé níbi tí ọ̀rọ̀ mi bá ti yàtọ̀ sí tiwọn, ẹ́ńjíníà tó ní láísẹ́ǹsì NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà, ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó o tó gbé e fò. O ò sọ iye oṣù tó ti ń jókòó kó o tó rà á. Tí kò bá sí lógbúùkù tó sọ ọ́, má fọ́n nǹkan kan sí i ná, jẹ́ ká yọ sílíńdà kan ká wo camshaft ẹ̀ kó o tó náwó ọ́ìlì. Àti pé mo rí àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ nínú fọ́tò yẹn, nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bá mi bẹ bàbá ẹ kí wọ́n kó wọn kúrò níbẹ̀ lónìí, kí ẹ́ńjìnì náà sì gun orí igi.