Ṣé òbúkọ lè máa gun àwọn ọmọ rẹ̀?

Rárá o, ẹ má gbà á láyè. Bí òbúkọ kan ṣoṣo tẹ́ ẹ ní ní Àkúrẹ́ bá ń gun àwọn abo tó bí fúnra rẹ̀, ọmọ á máa rù, òmíràn ò ní lókun láti dìde mu ọmú. Ẹ bá ẹni tó ń sin ewúrẹ́ ní Oǹdó ṣe pàṣípààrọ̀ òbúkọ. Ẹ tètè ṣe é, torí akọ kékeré lè fún abo lóyún láti nǹkan bí oṣù 3 sí 4; èyí tẹ́ ò bá fẹ́ fi ṣe irú, kí dókítà ẹran tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá.

Ẹ jọ̀ọ́, ewúrẹ́ ilẹ̀ wa ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú náà ni kẹ́ ẹ mú. Ti Òkè Ọya ga lóòótọ́, àmọ́ tiwa ló ń fara da àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri nínú igbó.